Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Mo Fi Tọ́bò Sí

Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọ Ọ̀fà fún mi. Orí bọ́ọ̀sì ni wọ́n dè é mọ́, wọ́n fi tapólì wé e, ó nà gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sin, débi pé awakọ̀ ní láti Ìlọrin ni àwọn èèyàn ti ń bi òun pé òkú ta ni òun rù. Ìtòsí ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tí a tú u kalẹ̀, tí abẹ́ tó fi ń gé omi yọ síta, àwọn ọlọ́kadà pa ọkadà wọn, wọ́n rọ̀gbà yí wa ká. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, odò wo lẹ fẹ́ gbé èyí sí l'Ọ̀fà ńbí?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Òótọ́ ló sọ. Odò Ọ̀yun tó wà nítòsí wa, bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, ikùn rẹ̀ ò ní tutù. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kì í ṣe odò. Èmi fúnra mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, n kò sì tíì wọ omi tó kọjá orúnkún rí.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí n kò tíì pààrọ̀ eyín, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà. Òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì, òun ló kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá náà pé kó má nà mí jù. Nígbà tó máa lọ́kọ, awakọ̀ ojú omi kan ló fẹ́, ní abúlé kan létí odò Ọya, lápá ibi tí Jẹ́bà wà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mí, àna ló ń pè mí, ẹ ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ọmọ wa kì í bá wa jiyàn, ohun tí a bá sọ ló ń gbà. N kò mọ̀ nígbà náà pé irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé àwọn àgbẹ̀ àti iṣu wọn, àwọn ẹlẹ́ja àti ẹja wọn, kọjá sí òdìkejì odò. Nígbà tó yá, àwọn kan gbé ẹ́ńjìnnì ńláńlá dé. Kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó dé òdìkejì, wọ́n á ti lọ, wọ́n á sì ti padà bọ̀. Àwọn èrò ò bá a jà o. Wọ́n á rìn kọjá níwájú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì wọ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó ní láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀ ni ọkọ òun ń jókòó sétí omi lásán, pé òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ gbé kaná fún àwọn ọmọ mọ́. Mo dá a lóhùn kíákíá. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà wá. Mo máa fi tọ́bò sí i." Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Èmi náà ò bi ara mi.

Tọ́bò kì í ṣe ohun àdììtú. Fáànù kékeré méjì ni, tí wọ́n jọ wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí èkíní, èkíní á yí èkejì, èkejì á sì máa fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ sí i ni epo tó máa jó ń pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ara ọkọ̀ tó ń lo dísẹ̀lì ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn tó ń kó iṣu láti Òjòkú, àwọn tó ń já yanrìn sí Ilémọnà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé tọ́bò wọn wá bó bá kọṣẹ́. Ooru ni ìṣòro rẹ̀. Bí tọ́bò bá ń ṣiṣẹ́, ó lè gbóná títí á fi pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo mọ òwe náà dáadáa, kódà mo máa ń pa á fún àwọn awakọ̀ tó bá ń sáré àsápajúdé.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ò sì ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Omi odò gan-an ló ń mu. Pọ́ǹpù kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi sókè. Omi náà á yí inú rẹ̀ ká, á mú un tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, tín-ín-rín bí okùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì náà wá sí Ọ̀fà, ló ṣàlàyé èyí fún mi. Ó ní ìtọ̀ ni àwọn awakọ̀ ojú omi ń pè é. "Àna mi, bó bá ti ń tọ̀, ara rẹ̀ yá nìyẹn. Bí ìtọ̀ bá dá pẹ́nrẹ́n, kéèyàn tètè pa á." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là ní àìmọye ìgbà ni, ó sì ń fi lé mi lọ́wọ́.

Pọ́ǹpù kékeré yẹn ò lè ká ooru tọ́bò. Mo wá fi pọ́ǹpù kejì kún un, èyí tó ń lo bátìrì. Mo tú páìpù bàbà lára fíríìjì kan tó ti kú, mo lọ́ ọ yí tọ́bò ká, kí omi pọ́ǹpù kejì lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kó sì máa jáde sábẹ́ ọkọ̀. Aládùúgbò mi tó ń jó irin bá mi jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó wá ku ẹnu páìpù tó máa fa omi odò. Mo ronú pé yanrìn lè bá omi wọlé. Ọgbọ́n ọmọ orí ilẹ̀ ni mo dá sí i. Mo ra asẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń sẹ́ ògì, mo gé aṣọ rẹ̀, mo fi wáyà dè é pinpin mọ́ ẹnu páìpù náà. Ohun tí kì í jẹ́ kí èérí ọkà kọjá, ṣé yanrìn ló máa wá jẹ́ kó kọjá? Inú mi dùn sí èrò yìí débi pé mò ń súfèé kiri ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti darúgbó nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó máa ń wá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n mú òun dé ìdí ẹ́ńjìnnì náà. Ó fọwọ́ tọ páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Omi àkọ́kọ́ ń tọ̀ síta, mo gbọ́ ìyẹn. Omi kejì yìí ńkọ́, níbo la ti ń rí ìtọ̀ tiẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, abẹ́ ọkọ̀ ló ń gbà jáde. Kò sí nǹkan tí a fẹ́ wò lára ẹ̀."

Ó ní, "Bó bá wá dá ńkọ́, ta ló máa sọ fún ẹni tó ń wà á?"

Mo ní kò lè dá. Nígbà náà ló rán mi létí òfin ṣọ́ọ̀bù wa, èyí tó ti ń sọ fún wa láti ìgbà tí mo ti ń bá a fọ nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a jáde. Bí o bá tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe, inú ọkọ̀ náà ni kí o wà nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ sá a. Ó ní, "Ṣé o máa bá a wọ inú omi?" Mo ní, "Mo máa bá a wọ̀ ọ́, Bàbá." Ìrọ̀rùn gbáà ni ìlérí máa ń jẹ́ fún ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

A gé dírọ́ọ̀mù mẹ́ta, a jó wọn pọ̀, a fa omi kànga ẹlẹ́rọ kún inú rẹ̀, a sì gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú rẹ̀. Omi náà mọ́ tónítóní, èèyàn lè bu mu. Nígbà tí mo tan án, ariwo tó pa lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí dóńgóyárò. Tọ́bò ń hu fíí, ìtọ̀ ń tú jáde, omi ń hó nínú dírọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ pólì tó ń kọjá yọ fóònù wọn jáde, wọ́n ń ya fídíò. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó wákàtí kan gbáko, kò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Fídíò náà lọ káàkiri ìlú. Títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ké sí mi pé, "Tọ́bò!" Èmi náà á sì na ọwọ́ sókè bí olóṣèlú. Bí mo bá rántí ọwọ́ tí mo nà sókè yẹn, ojú ń tì mí di òní.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbé e padà sí abúlé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí odò Ọya ní òjò. Ó pọ́n, ó fẹ̀, ó ń gbé koríko, ewé jíjẹrà àti ẹ̀ka igi lọ bí ẹni tó ń kó ẹrù. Mo rí koríko náà. Ojú mi yìí ló rí i, ọkàn mi ò sì lọ sọ́dọ̀ asẹ́ rárá. Ohun tí mò ń wò ni bí omi náà ṣe jìn tó. A de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, mo so páìpù, mo so bátìrì. Àwọn ará abúlé ti pé jọ sétí omi, ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, ó ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò òun. Ọkọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó nawọ́ sí mi. "Àna mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí láti sọ pé ẹ̀rù bà mí lójú gbogbo èèyàn tó wá wò mí. Mo ní, "Ẹ máa lọ, Bọ̀dá. Etí omi níbí ni mo ti máa gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa." Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó rí ohun tó wà lójú mi, nítorí ó gbé ojú kúrò kíákíá kó má bàa dójú tì mí. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ì bá fà mí wọnú ọkọ̀ tipátipá. Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ ni mí. Ó ní, "Kò burú, àna mi, bí ẹ bá ṣe wí. Kí ni kí n máa wò?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa wo ìtọ̀ ẹ̀. Bó bá ti ń tọ̀, kò séwu."

Bẹ́ẹ̀ omi àkọ́kọ́ nìkan ló ń tọ̀. Omi kejì, èyí tó ń mú tọ́bò tutù, kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ọkọ̀ náà fò. Imú rẹ̀ kúrò lórí omi, àwọn ará abúlé hó yèè, ẹ̀gbọ́n mi ń fò sókè bí ọmọdébìnrin. Ó dé òdìkejì kí a tó sẹ́jú, ó yí padà. Ó ti dé agbedeméjì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ohùn tọ́bò yí padà, ó di tín-ín-rín, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n fi irin ha irin. Mo pariwo kó pa á. Ohùn mi ò kọjá omi. Ó rí mi tí mò ń ju ọwọ́, ó rò pé mò ń yọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nàka sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí n lè rí i pé ó ń tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni èéfín rú, iná sì sọ. Rọ́bà tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnnì ló yọ́ níbi tó ti sún mọ́ tọ́bò. Ó bẹ́ sómi pẹ̀lú iná lára. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn awakọ̀ yòókù wa ọkọ̀ lọ bá a, àwọn tó ti gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọkọ̀ tó ń jó nìkan ni wọ́n bá. Ọjọ́ kẹta la tó rí i níbi tí omi gbé e lọ, láàárín àwọn esùsú etí odò. Láti ọjọ́ tó ti kú di ọjọ́ tí wọ́n rí i, ẹ̀gbọ́n mi ò dìde létí omi.

Nígbà tí wọ́n fa ìyókù ọkọ̀ náà wá sétí omi, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Mo wo ẹnu páìpù. Koríko àti ẹrẹ̀ ti dí asẹ́ náà mọ́lẹ̀ gbagidi, omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ì báà ṣe ẹ̀kán kan. Ohun tí Bàbá bi mí lábẹ́ dóńgóyárò náà nìyẹn. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo já asẹ́ náà, mo jù ú sódò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, àwọn àgbà pe ìpàdé. Olórí àwọn awakọ̀ ojú omi bi mí pé, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ìwọ lo mọ ẹ́ńjìnnì láàárín wa. Kí ló fà á?" Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń wò ó. Mo ní epo ni. Mo ní epo àdàlù ni wọ́n tà fún un. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta pẹtiróòlù létí omi náà, ìyá kan tó ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn awakọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá yìí ló gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kejì.

Ìyá náà búra, ó sunkún, ó ní kí wọ́n wá tọ́ epo òun wò, pé kẹ́ẹ̀gì kan náà ni òun ti rọ fún àwọn awakọ̀ yòókù lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mẹkáníìkì láti ìlú ńlá ló ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò gba ti ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì? Wọ́n ní kó kúrò létí omi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo pa ọkọ mi. O ò ní rí ẹni sin ọ́." N kò gbọ́ kó ṣépè fún ẹnikẹ́ni rí títí di ọjọ́ náà. Ìyá náà kó kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n wà á lọ sí òdìkejì, èmi sì wà níbẹ̀ títí n kò fi rí i mọ́. Bí mo bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì bá tó.

Mo padà sí Ọ̀fà. Ọ̀gá mi ti gbọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé o bá a wọ̀ ọ́?" Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà dìde, ó lọ sílé, kò sì wá jókòó síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà n kò fọwọ́ kan tọ́bò mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ni mò ń tún ṣe báyìí, àwọn èèyàn sì rò pé ọjọ́ orí ló dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sílé bàbá wa pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo ti lọ bá a láti jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun nìkan ló wà nílé, ó fún mi lága, ó bi mí pé kí ló dé tí mo rù báyìí, ni mo bá sọ pé ibà ló ṣe mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ń retí rẹ̀. Bóyá èmi ni mo yẹ kí n lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi tó kọ̀ létí omi lọ́jọ́sí ò tíì gbà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní wọ́n pe òun láti abúlé, pé ìyá tó ń ta pẹtiróòlù yẹn ti kú ní ìlú onílùú tó sá lọ, pé kò ní ẹnì kankan lọ́dọ̀, àwọn àjèjì ló sin ín. Ó ní, "Ọlọ́run mi kì í sùn." Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ọwọ́ tó kún fún gírísì, kò bìkítà. Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ, àbúrò mi. Bí kì í bá ṣe ìwọ tó mọ ẹ́ńjìnnì, ta ni ì bá sọ ẹni tó pa ọkọ mi fún mi? Bí o ò ṣe fi òtítọ́ pa mọ́ fún mi, Ọlọ́run ò ní fi ire pa mọ́ fún ìwọ náà."

Ó dúró, ó ń wò mí, ó ń retí kí n dáhùn sí àdúrà náà.

Mo ní, "Àmín, Àǹtí mi."